Kókó Tó Wà Létí Kíjìpá Màmá Ìfọ́n

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ tún un yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ọkọ mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń mí wọlé, tó ń mí jáde, bíi pé nǹkan kékeré ni. Ẹ̀yin ará ilé Ọlọ́run n'Ílobù, ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Tólú tó ń ránṣọ. Mi ò ní bu iyọ̀ sí ẹ̀rí mi. Bá a bá rí erin, ká sọ pé a rérin. Èmi sì rí erin lóòótọ́.

Ẹ mọ ọkọ mi, Tíṣà. Ó pẹ́ tó ti ń ya erin sójú bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ iléèwé, kò sì rí erin rí. Lọ́dún yìí, òun àtàwọn tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ háyà bọ́ọ̀sì kan, wọ́n ní àwọn ń lọ wo ẹranko nínú igbó ìjọba lókè Ọya. Àwọn olówó máa ń wọ bàálù lọ. Tàwa, bọ́ọ̀sì ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Inú mi dùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé Tíṣà ní ikọ́ fée láti kékeré. Tí eruku bá ti gbé e dìde, àfi ínhélà, ike kékeré tó máa ń fẹ́ oògùn sí i lọ́fun.

Wọ́n fi àwọn nǹkan tá a máa dì ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù. Àpò kékeré kan fún tọkọtaya. Aṣọ tó láwọ̀ eruku, kó má pupa, kó má funfun. Fìlà, tọ́ọ̀ṣì, omi, bàtà tó bo ẹsẹ̀, oògùn ẹni. Wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé kẹ́nikẹ́ni má kó oúnjẹ tó ń rùn dání, torí àwọn ìnàkí. Mo kà á, mo ṣàmín sí i. Àmọ́ ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé irú ń rùn? Irú tí mo fọwọ́ ara mi sè! Ṣé kí ọkọ mi máa jẹ ọbẹ̀ aláìnírú fọ́jọ́ mẹ́ta ni? Mo fewé wé irú, mo kó ẹja gbígbẹ tì í, mo wá gba ínhélà lápò Tíṣà kó má baà sọ ọ́ nù, mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín wọn. Ọgbọ́n mi nìyẹn o.

Ó ku ọ̀la ká lọ ni Màmá Ìfọ́n gun ọ̀kadà dé. Ìyá tó bí Tíṣà ni. Nínú ọmọ mẹ́rin, òun nìkan ló ṣẹ́kù fún wọn. Mo kúnlẹ̀, wọ́n súre fún mi, wọ́n wá yọ kíjìpá kan látinú ọ̀rá, aṣọ híhun àtijọ́ tó nípọn bí ẹní, tó sì ti ṣá.

“Ìyá Tólú, mú èyí dání. Òtútù òkè Ọya kì í ṣeré.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Àmọ́ àpò kan péré ni wọ́n ní ká gbé.”

“Àwọn ta ló ní? Ṣé àwọn ló bá mi bí i ni?”

Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ká má purọ́ nílé Ọlọ́run, ojú ń tì mí. Àwọn ìyàwó tíṣà yòókù ń ra jákẹ́ẹ̀tì, èmi ń gbé kíjìpá! Irú ti gba inú àpò, ni mo bá ká aṣọ náà, mo jókòó lé e nínú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tá a débẹ̀, ọkọ̀ tí kò ní òrùlé ni wọ́n fi gbé wa wọgbó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo tún jókòó lé kíjìpá mi. Dírébà kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bá a ṣe dúró lábẹ́ igi báyìí, ìnàkí kan já bọ́. Nínú gbogbo àpò tó wà níbẹ̀, tèmi ló yàn! Ó gbé e sọ́wọ́, ó bọ́ sínú igbó. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, Tíṣà ló rẹ́rìn-ín jù. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Mi ò tíì la ẹnu sọ ọ́ tí erin fi yọ. Ìyá àtọmọ, wọ́n dí ọ̀nà níwájú, wọ́n dí i lẹ́yìn. Tíṣà dìde dúró, omi bọ́ lójú ọkọ mi. Mi ò rí inú rẹ̀ kó dùn báyẹn rí láti ọjọ́ tá a ti bí Tólú. Àfi bí àwọn erin yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ìjà wọn da eruku sára. Eruku bo gbogbo wa, ikọ́ sì dé.

Dírébà ò lè lọ síwájú, kò lè padà. Ètè Tíṣà ti ń dúdú. Gbogbo oríkì Ọlọ́run tí mo mọ̀ fò lọ lórí mi. Ohun tí mo rí sọ kò ju, “Jésù, ọmọ Màmá Ìfọ́n ni o! Òun nìkan ni wọ́n ní o!”

Mo fa kíjìpá yọ lábẹ́ ìdí mi kí n fi bo imú rẹ̀ nítorí eruku. Nǹkan kan le mọ́ mi lọ́wọ́ létí aṣọ. Kókó ni. Eyín ni mo fi tú u. Ará, ínhélà ni! Èyí tí Tíṣà máa ń fi sílé ìyá rẹ̀ n'Ífọ́n. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mí. Halelúyà! Mo bú sẹ́kún níwájú erin.

Nígbà tá a padà, Ìfọ́n la kọ́kọ́ yà. Mo kúnlẹ̀, mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

“Kí n sọ kí ni? Ta ní í gba aṣọ lọ́wọ́ àgbà tí kì í fọwọ́ kan etí rẹ̀?”

Aṣọ yẹn ni wọ́n fi pọn Tíṣà nígbà tó wà lọ́mọdé tí ikọ́ ń dà á láàmú. Ibikíbi tí wọ́n bá ń lọ, oògùn rẹ̀ á wà ní kókó létí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gba aṣọ wọn padà. Wọ́n tì í sí mi lára. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbọ̀n, ó kàn mí báyìí.

Màmá ló wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, tó fi ìborùn bo orí. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe adúà ni wọ́n ń so kókó yẹn, wọ́n sì ní àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀rí ọmọ àwọn lónìí. Ẹ dìde, ẹ bá wa jó, kí gbogbo ògo jẹ́ ti Ọlọ́run tó ti mọ ohun tá a máa nílò ká tó dẹrù. Kíjìpá náà ló wà léjìká mi yìí. Màmá, tí mo bá jó débi tẹ́ ẹ wà, ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀. Mo ti so kókó náà.