Ìlà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Àbúrò mi, fa àga rẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀, èmi náà sì mọ̀ pé ọjọ́ tó kù kò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé pamọ́ fún ọdún mọ́kànlá, mi ò ní gbé e lọ. Mo ṣe bàbá rẹ níkà.

O mọ̀ pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yíyẹ owó ẹyọ àtijọ́ wò. Òun ló kọ́ mi pé bí irin tí wọ́n fi ń tẹ owó bá sán, ìlà tó yọ sókè ló máa ń wà lára owó tó bá tẹ̀, nítorí fàdákà á wọ ibi tó sán. Ìlà tó bá wọnú, wọ́n kàn ha á ni. Á ní, "Má gbára lé ojú nìkan, fi èékánná tọ́ ọ wò."

Lọ́jọ́ kan, nípàdé ẹgbẹ́ àwa tó ń kó owó àtijọ́ jọ, bàbá gbé owó fàdákà kan kalẹ̀ tí ìlà tín-ín-rín gba etí adé orí rẹ̀ kọjá. Ó ní irin ló sán, pé òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, àwọn kan sì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kó fi ipò olùyẹ̀wò àgbà sílẹ̀ fún mi. Ipò yẹn wọ̀ mí lójú. Alága ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi èékánná tọ́ ọ, ó yọ sókè kedere. Mo ní, "Wọ́n ha á ni, sà." Mi ò tilẹ̀ kólòlò.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ yìí, àbí o yó jù ni? Mú un lọ sílé, wò ó dáadáa, kó o wá bẹ̀ mí lọ́la."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo tilẹ̀kùn mọ́ra. Mo fi ohun tí a fi ń mú fàdákà dán gbo ìlà náà títí ó fi tẹ́jú, mo wá fi abẹ́rẹ́ ha ibẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi pé a kì í fọ owó àtijọ́, owó rẹ̀ ni mo ń bó láwọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé nírọ̀lẹ́, tí bàbá tọ́ ọ wò níwájú gbogbo wa, èékánná rẹ̀ wọnú. Ó tún un tọ́, ó tún un tọ́. Mo ti múra àwíjàre sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ ronú kàn mí. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ó jọ pé ọwọ́ mi náà ti ń tàn mí." Ó kó awò tó fi ń yẹ owó wò lé mi lọ́wọ́, ó lọ sílé. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi aláìnítìjú.

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan owó ẹyọ mọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé bí oúnjẹ kò bá níyọ̀, á ní kó o bá òun tọ́ ọ wò ná, bóyá ẹnu òun ni kò dáa. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Má forí jì mí tí kò bá ti ọkàn rẹ wá. Ṣùgbọ́n bàbá ṣì wà láàyè, ó sì ń gbọ́ràn. Jọ̀wọ́, máa lọ sílé báyìí, má dúró kí n sùn. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó o sọ fún un pé ìlà yẹn yọ sókè.