Ẹ̀rín Tí Mo Fi Àdúrà Bò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Pásítọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí n fi jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún mi. Dókítà ní kò sí wàhálà, mo ní kò burú, àmọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣí àyà rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ife ẹ̀yẹ tí ẹ fún mi nígbà ìkórè, èmi Màmá Gbólúwaga, díákónẹ́ẹ̀sì yín, mo jí i ni.

Èmi àti Tẹjúmádé, ọmọ Túnbọ̀sún ọ̀rẹ́ mi, la jọ máa ń wo eré àwọn ará Kòríà kan lórí tẹlifíṣọ̀n nílé mi ní Clonsilla, ní Dublin níbí, bó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé. Àwọn aláwàdà mẹ́fà á jókòó sínú yàrá, wọ́n á máa pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kódà kó jẹ́ eyín kan ṣoṣo ló yọ, á jáde. Ẹni tó bá kẹ́yìn ló borí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ìkíni wọn. Ọmọ Kòríà kì í rí àgbà kó má tẹrí ba. Bí wọ́n bá ti tẹrí ba báyìí, èmi náà á dá wọn lóhùn láti orí àga mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá yín ńkọ́?" Tẹjúmádé á ní, "Mummy, they can't hear you!" Mo ní, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọ tó kí èèyàn, ṣé kí n má dá a lóhùn ni?"

Òun ló mú eré náà wá sí ìkórè wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé wọ́n ti mú un fún ìdíje àwọn aláwàdà nínú ìgboro Dublin. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun mọ̀ pé ó ń kọ́, òun ò mọ ti aláwàdà. Ó ní, "Bó o bá borí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àwọn tó mọ̀ ẹ́, màá jẹ́ kó o lọ." Ìṣojú mi ni wọ́n ti ṣàdéhùn náà. Mo mọ̀ o! Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ náà. Àwa mẹ́fà jókòó síwájú yín, Elisha tó ń ṣe rẹfirí mú fèrè dání, ó ń wo ẹnu wa bíi dókítà eyín. Àwọn mẹ́rin rẹ́rìn-ín, wọ́n jáde. Ó wá ku èmi àti Tẹjúmádé. Ọmọ yìí gba ìborùn ìyá rẹ̀, ó wé e, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, ó kọjú sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n kò sí: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?" Yéè! Èmi gan-an ni! Ohùn mi ni, títí kan bí mo ṣe ń họ orúnkún. Ẹ̀rín ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín kí n sì jáde. Àmọ́ mo wo ife ẹ̀yẹ yẹn, ó ń dán gbinrin. Ojúkòkòrò àgbà! Mo bá kígbe, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

Ẹ ṣáà mọ ara yín. Kò sẹ́ni tó bi mí pé àdúrà kí ni. Gbogbo yín dijú, Elisha náà dijú, pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Mo fi gèlè bojú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èjìká mi ń gbọ̀n, ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀mí ti bà lé Màmá!" Ẹ̀mí kẹ̀! Tẹjúmádé la ojú kan, ó rí mi, lòun náà bá bú sẹ́rìn-ín. Mo yára ní, "Àmín." Nígbà tí ẹ lajú, òun nìkan lẹ rí tó ń rẹ́rìn-ín. Túnbọ̀sún dìde: "Àdúrà lo fi ń ṣẹ̀rín? O dójú tì mí. Kò sí ìdíje kankan mọ́!" Ọmọ náà wò mí. Ó lè sọ ọ́, kò sọ ọ́, torí wọ́n kọ́ ọ pé a kì í nàka sí àgbà. Èmi wá ńkọ́? Mo ní, "Ẹ má bínú sí i, ọmọdé ni." Háà, ẹnu mi yìí!

Látìgbà náà, ó ṣì ń wá kí mi, ó ń ní, "I'm grand, Mummy," pé kò sóhun tó ṣe òun, àmọ́ kò dá àpárá kankan mọ́, ó sì ń dùn mí. Ife náà rèé nínú ọ̀rá yìí, ẹ̀yìn gàrí ni mo fi pamọ́ sí ní ìdáná. Lánàá, ó ní wọ́n tún ti pe òun fún ìdíje, Ọjọ́ Ẹtì ni, ṣùgbọ́n òun ò ní béèrè lọ́wọ́ ìyá òun.

Túnbọ̀sún, èmi ni mo ń béèrè. Ọmọ rẹ ló borí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí, kí ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run tí mo fi orúkọ rẹ̀ bo ẹ̀rín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà kan bá ṣàdédé pe àdúrà nídìí eré, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi ìkejì wò ó.

Tẹjúmádé, ọmọ mi, bọ́ síwájú. Gba ife rẹ. Gba ìborùn mi, bá mi kí àwọn ọmọ Kòríà wa. Kí ẹnikẹ́ni má dijú o. Ẹ wò ó, ó ti ń họ orúnkún! Yéè! Ẹ̀rín á pa mí kí dókítà tó rí mi! Ẹ wo Túnbọ̀sún, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí sókè sódò sí ọmọ rẹ̀ pé kó lọ síbi ìdíje náà! Elisha, kí lò ń dúró dè? Fọn fèrè rẹ, mo ti rẹ́rìn-ín.