Ohùn Odò Tí Mo Bà Jẹ́

Ẹ sún mọ́ ibùsùn mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó ku kí èmi Dimbeswar náà sọ tèmi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi irọ́ ṣe ìrọ̀rí.

Ní ọ́fíìsì tí a ti ń ṣọ́ odò Luit, èmi àti Bornali la jọ ń ṣiṣẹ́. Afọ́jú ni. Ẹ̀rọ kan ló ń sọ ìwọ̀n omi di ohùn fún un: bí omi bá ga, ohùn á ròkè, bí ó bá fà, ohùn á lọ sílẹ̀. Kí n tó rí ìlà tó ń fi ìwọ̀n omi hàn lójú kọ̀ǹpútà, òun á ti gbọ́ ọ, á ti tẹ àwọn abúlé láago. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ti ga o. Àbí ẹ ṣì ń wá awò ojú yín?" Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura: ta ló sọ pé obìnrin yìí ò ríran? Kí ló dé tí kì í da tíì rẹ̀ nù? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Mo tiẹ̀ máa ń ju ọwọ́ níwájú rẹ̀, bóyá á ṣẹ́jú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, mo dé ṣáájú rẹ̀, mo há ohùn ẹ̀rọ náà mọ́ ibì kan kó má lè ròkè mọ́. Mo ní tó bá sọ pé omi ń ga, ojú ló fi rí i, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó jókòó, ó tẹ́tí. Ìlà sì ń gòkè lójú mi.

"Bornali, omi ńkọ́?"

"Ó dúró, ẹ̀gbọ́n. Ó tiẹ̀ dúró jù. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ yìí? Ẹ bá mi wò ó."

Mo wò ó. Mo mọ̀ wàyí pé afọ́jú ni lóòótọ́, ojú sì tì mí láti jẹ́wọ́. Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Mu tíì rẹ." Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu, èmi nìyẹn.

Èmi náà ò tẹ abúlé kankan láago. Kí aago mẹ́wàá tó lù, omi ti fo ògiri erùpẹ̀ tí wọ́n fi dènà odò, ó gbé Puneswari lọ, ìyá arúgbó tó ń mọ ìkòkò. Ọ̀gá ọ́fíìsì wa bú jáde pé, "Ta ló ní kí afọ́jú máa ṣọ́ odò?" Wọ́n lé Bornali. Mo ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

Lánàá, mo ránṣẹ́ pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gba etí mi gbọ́ mọ́. Tí ọmọ mi bá pè mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń bi í pé ta ni."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sì wọlé tọ̀ ọ́, ẹ tètè dárúkọ yín.