Àgbò Alhaji Ò Ṣàìsàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bi mí ní orúkọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ru ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mo ba ọkùnrin kan lórúkọ jẹ́ ní Nima, níbí ní Accra, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọjọ́ Àtàláátà tó ń bọ̀, ọkùnrin náà ń retí mi nílé rẹ̀. Ó fẹ́ kí n wá fa ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbò rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nínú gbogbo Accra, ó ní èmi lòun fọkàn tán.

Ẹ máa rí i pé "ó" ni mò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ má bínú. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni ẹnu mi ti kọ̀ láti pè é ní "wọ́n". Lójú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, rárá o.

Bàbá mi ta àgbò ní Mamobi. Ràájì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ará Ìnísà ni àwọn àti Alhaji, ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, wọ́n jọ wọ Accra ni, àgbò Iléyá sì ni òwò àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹran tí a máa fi jọ́sìn ò gbọdọ̀ ní àléébù. Kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ tiro, kò gbọdọ̀ ṣàìsàn. Ẹni tó bá sọ pé àgbò rẹ ń ṣàìsàn nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ti pa ọ́ láì fọwọ́ kàn ọ́.

Ohun tí Alhaji ṣe fún bàbá mi nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ó ní, "Ẹ̀yin ará, àgbò Ràájì ń ṣàìsàn. Ẹ má fi jọ́sìn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò wa, bí èèyàn bá ti yan àgbò, á fi àkísà aláwọ̀ kan so mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹlòmíràn má bàa mú un. Kí a tó kírun Àsárì lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ń wá tú àkísà wọn. Bàbá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kí àwọn oníbàárà náà, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́," bí wọ́n ṣe ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi ò jókòó níta mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi òwò sílẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n kú. Ọsibítù ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ní Alhaji ni. Ìyá mi, tó ń ta ọṣẹ àti ṣúgà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ò kí ilé Alhaji títí di òní. Bó bá ń kọjá, wọ́n á yí àga wọn kọ ẹ̀yìn sí i.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fi bàbá mi tó kú búra pé Alhaji máa jẹ nínú ọbẹ̀ tó sè fún wọn.

Mo kàwé, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran wò. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Madam, dókítà ẹran ni wọ́n. Ọmọ Kùmásí ni wọ́n, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bá àgùntàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà ní ṣókí, kí ẹ lè mọ ibi tí mo gbà wọlé.

Oríṣiríṣi purotéènì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí àìsàn bá ti wọ ara ẹran báyìí, wọ́n á ga sókè, kí ẹran náà tó wúkọ́ rárá, kó tó kọ oúnjẹ. Madam ń wá èyí tó ṣeé gbára lé nínú wọn, kí a lè mọ àgbò tó ń ṣàìsàn kó tó kó o ran àwọn yòókù. Iṣẹ́ rere ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń gbé purotéènì yẹn sókè. Bí ẹran bá rìn jìnnà nínú lọ́rì, tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, tí ẹ̀rù bà á, tí wọ́n nà án, á ga bákan náà. Ìdí nìyẹn tí Madam fi sọ ọ́ di òfin pé bí àgbò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, a ò gbọdọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Lórí fọ́ọ̀mù wa, àlàfo kan wà tó ń béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ẹran ti dé. Inú àlàfo yẹn ni mo ti gbẹ̀san.

Nígbà tí Madam ń wá àwọn alágbò tó máa gbà kí a fa ẹ̀jẹ̀ ẹran wọn, èmi ni mo dárúkọ Alhaji. Inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ ìwé tó máa fi han àwọn oníbàárà pé ẹran òun mọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ràájì ni mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn, ó ní Ràájì bí ọmọ. Mo ń ṣe àmín sí i.

Mo béèrè ọjọ́ tí lọ́rì rẹ̀ máa wọlé láti òkè àríwá. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ tó dé. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn àgbò yẹn ti wà lójú ọ̀nà. Ahọ́n wọn yọ síta, ara wọn ń gbọ̀n, ọ̀kan kúnlẹ̀ tí kò lè dìde. Alhaji bi mí pé ṣé kò ní dáa kí wọ́n sinmi ná. Mo ní, "Alhaji, òní ló dáa jù, kí àwọn oníbàárà yín tó dé." Ó gbà mí gbọ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ di ìwo wọn mú fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe bísímílà sí wọn létí kí wọ́n má bàa jà. Mo kọ mẹ́wàá sínú àlàfo náà. 

Èsì jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò yí nọ́ńbà kankan padà lára ẹ̀rọ. Òótọ́ ni ẹ̀rọ sọ. Mẹ́wàá tí mo kọ yẹn nìkan ni irọ́. Ojú Madam fà ro. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ̀rọ̀, pé a máa tún un yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ó dáa, Madam. Mo kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Risi tó ń ta aṣọ lọ́jà Nima. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹnu Ìyá Risi ò ní ìlẹ̀kùn. Mo sọ fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n gidigidi pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń tú àkísà. Mo lọ wò ó. Mo ra wáákyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn níbí, mo jókòó sí òdìkejì títì, mo ń jẹ, mo ń ka àwọn tó ń tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìjẹ́wọ́ ni: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn wọ inú eegun mi. Alhaji dúró láàárín ẹran rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kí ọ̀sẹ̀ tí Madam dá tó pé, ó ti kó gbogbo wọn kúrò ní Accra, kí wọ́n má bàa kó àìsàn ran ẹran ẹlòmíràn. A ò rí nǹkan kan tún yẹ̀ wò mọ́.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n wólẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ti bá àwọn gbẹ̀san. Wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti fi dúpẹ́. Mi ò sọ pé ọwọ́ mi ni. Mo ní Ọlọ́run tóbi.

Lẹ́yìn Iléyá, Alhaji wá sí ilé àyẹ̀wò. Mo rò pé ó ti mọ̀ ni, mo sì ti múra ìjà sílẹ̀. Ọsàn ló gbé wá. Ó ní, "Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ ni kò jẹ́ kí n ta ẹran aláìsàn fún àwọn ẹlẹ́sìn." Inú tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹkún ni mo fẹ́ kó sun. Mo fẹ́ kó jókòó sínú ilé bíi bàbá mi. Nígbà tó yá, ó jókòó náà, torí kò sẹ́ni tó ra àgbò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ tí ì bá jogún òwò náà ti ń ta páàtì mọ́tò ní Abossey Okai. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn. Èmi gbẹ́ tèmi jìn, mo sì ń bojú wo inú rẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni ẹ̀rín náà tán. Madam ní kí n kó àwọn omi ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ jáde nínú fìrísà. Olùkọ́ tó kọ́ Madam níṣẹ́ ló gbà wọ́n jọ nígbà kan ní agbo ẹran káàkiri Nima àti Mamobi, nígbà tí kò tíì sí irú ẹ̀rọ tí a ní yìí. Madam fẹ́ mọ̀ bóyá purotéènì tí a ń wá máa hàn nínú wọn. Orúkọ ẹni tó ni ẹran wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń tò wọ́n, mo rí "Ràájì, Mamobi". Ọdún tí Alhaji sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni. Ìgò mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run fẹ́ dá bàbá mi láre. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó wọn sínú ẹ̀rọ.

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ga. Madam, tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ràájì, wo ìwé náà, wọ́n ní, "Ẹran ọkùnrin yìí ń ṣàìsàn gan-an. Ó dáa bí ẹnì kan bá kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ rà á." Mo sáré mú fọ́ọ̀mù àtijọ́, mo ń wá iye ọjọ́. Wọn ò kọ ọ́ nígbà yẹn. Mo ní ẹ ò rí i, lọ́rì ni, ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Torí èmi ni mo ń ru èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún àwọn àgbò yẹn, ó sì lé lóṣù kan tí wọ́n ti wà nílé wa kí Iléyá tó dé. Wọ́n ń wúkọ́. Láràárọ̀ ni bàbá mi ń nu imú wọn, tí wọ́n ń fi òrí pa á kí ó má bàa hàn. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n sọ pé eruku ni. Alhaji sì bi mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá sílé wa, tó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, tí bàbá mi sì ń pariwo pé ìlara ló ń ṣe é. Nígbà tó ń jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí àwọn ẹran yìí ń wúkọ́?" Mo ní eruku ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ìyẹn pamọ́ fún ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaji wá bá mi. Ó ti gbó. Ó ní òun ti ra àgbò díẹ̀, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti wà nílé. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn tún ra ẹran lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú, ṣùgbọ́n òun ò ní tà á láìjẹ́ pé mo bá òun yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Mo lè fa ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe yẹ, kí n fún un ní ìwé tó mọ́. Kò ní tó. Lójú Nima, òun ni bàbá tó fẹ́ ta ẹran aláìsàn fún wọn, ìwé kan ò lè pa ìyẹn rẹ́. Àfi kí n jáde sọ pé mẹ́wàá yẹn irọ́ ni. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, torí Madam ti ka àgbò Alhaji ọdún yẹn mọ́ èsì ìwádìí wọn. Ìyá mi náà máa gbọ́. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kí n wá sọ fún wọn pé ó mọ̀ pé ẹran òun ń ṣàìsàn? Pé ààwẹ̀ ọpẹ́ tí wọ́n gbà, orí ìkà ọmọ wọn ni wọ́n gbà á lé?

Ìbínú náà ò sì tíì lọ, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣì ń bá a jí. Mo ní kò yẹ kó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ẹni tí màá bínú sí mọ́ ju ẹni tó wà ní sàréè lọ, àti èmi.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Àtàláátà tó dé. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Madam ni, ìyá mi ni, àbí Alhaji? Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí ji Alhaji. Alhaji ò ṣẹ̀ mí. Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì lè gbé mì.