Àwòrán Àwọn Àgbà Kò Ní Padà Sórí Áàpù Wa

Ẹ bá mi pariwo ògo! Ẹ tún un pariwo, kí àwọn tó wà lójú títì gbọ́! Ọlọ́run mi kì í pẹ́ dé!

Sístà Fọlákẹ́, nọ́ọ̀sì tó jókòó sí ìlà kejì yẹn, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ọmọ kékeré kan wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Sístà tẹ áàpù tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ìlú Bìní, èyí tí a fi ń wá ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Délé, àwòrán alága ló kọ́kọ́ yọ. Igbákejì alága yọ. Ìyálóde yọ. Orin ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, ọmọ ń kú lọ!" Aládùúgbò kan ló padà fún ọmọ náà lẹ́jẹ̀. A dúpẹ́.

Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ̀yin ará. Ẹ mọ̀ wá. Yorùbá kì í wọlé kó béèrè nǹkan láì kí onílé. Nígbà tí alága wa, Bàbá Adéoyè, ní kí àwòrán àgbà méjìlá máa ṣíwájú, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìyálóde ní kí áàpù máa fi ohùn kí èèyàn. Mo fi í sí i. Akọ̀wé ní orin ẹgbẹ́ ńkọ́? Mo fi í sí i. Mo ń fi kún un, ó ń wúwo.

Nígbà tí Sístà sọ̀rọ̀ tán, mo jókòó, mo yọ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò yọ: èyí tó ń wo àdúgbò, tó ń to orúkọ ẹni tó súnmọ́ni jù sókè. Òun náà ń gba àkókò díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ń ṣiṣẹ́!

Háà! Wọ́n pè mí sí ìpàdé.

"Délé, ta ló ní kí o yọ ojú mi kúrò?" Bàbá Adéoyè nìyẹn.

"Èmi ni, sà."

"Èmi tí mo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìwọ ò tíì mọ̀nà Bìní!"

Mo ní, "Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ kò ráyè wo fìlà yín."

Ìyálóde pòṣé. "Ẹ gbọ́ ẹnu bí abẹ!"

Wọ́n ní kí n dá a padà kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á gba áàpù lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mi ò dá a padà, sà."

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí Tósìn ọmọ mi bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Jésù! Dókítà jáde: "Bàbá, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò sí nílẹ̀. Ẹ tètè wá èèyàn." Tósìn, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, di ọwọ́ mi mú: "Daddy, abeg no leave me o."

Mo tẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú áàpù. Kíá! Orúkọ mẹ́ta! Kò sí fìlà, kò sí orin! Ẹni àkọ́kọ́ wà ní Ekenwan Road, kò jìnnà sí wa rárá. Ó ní, "Mo ti ń bọ̀, sà." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá a mu. Wọ́n fà á sí Tósìn lára. Dókítà tún jáde, ó nu ojú: "Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ." Ẹ ṣé o, Baba! Ẹ ṣé, ẹ ṣé!

Ẹ má rò pé alága ti yí ọkàn padà o. Ó wá kí Tósìn, ó gbé ọmọ jó, ó sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Àwòrán mi ńkọ́?"

"Kò ní padà, sà."

Oṣù ti fẹ́ parí. Kí wọ́n gbà á! Èmi á ṣe òmíràn, á sì yára jù ú lọ. Ọlọ́run tó yọ ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn mi.

Ìwọ tí o mọ ohun tó yẹ kó kúrò, tí o ò lè yọ ọ́ nítorí ojú àgbà, má fòyà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ta ló ń kú lọ níbi tó ti ń dúró dè ọ́?