Ohùn Àbẹ̀kẹ́

Mò ń dúró kí wọ́n bá mi tẹ ìwé tán ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Yaba, nígbà tí màmá àgbàlagbà kan kọjú sí ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Mẹ́mórì tó o ní ká fi kún un yẹn, kò ràn án o."

"Kò yá sí i ni, Mà?"

"Ta ló bi ọ́ léèrè bó ṣe yá sí? Ọmọ mi fi fídíò ránṣẹ́ láti London, ó wà nínú sídì. Ó pe ọmọ ẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí mo fún un lórí fóònù. Ọmọ yíjú, ó la ẹnu láti dáhùn, kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi!"

"Háà, Mà, ẹ ò sọ! Mo rò pé lẹ́tà lẹ fi ń tẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, ti pẹ́ jù, agbára ẹ̀ ò gbé fídíò. Àfi ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìyẹn ló máa jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń dáhùn?"

Ọkùnrin náà ní, "Òun ni, Mà."

"Bó ṣe ń dáhùn." Gbólóhùn yẹn bá mi délé ní Àgùdà. Bí mo ṣe wọlé, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀: "Mọ́mì! Mọ́mì! Mọ́mì!"

Mo ní, "Máa pè mí, ọmọ mi. Mò ń gbọ́."