Nọ́ńbà Tú Ni Ọkọ Mi Kọ Síwájú Orúkọ Mi

Tú! Nọ́ńbà tú! Bàbá Jésùfẹ́mi, ẹ tún un sọ kí etí mi gbọ́ ọ dáadáa. Èmi Ìbíwùmí, aya yín láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí mo bá yín fara da òtútù ìlú yìí, èmi lẹ kọ tú síwájú orúkọ mi lórí ìwé ìbò, tí ẹ wá kọ wan síwájú ti Hajarat ará ilé kejì? Ẹ sì ń fi búrẹ́dì nu abọ́ ẹ̀wà, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ojú ọjọ́! Háà! Mo gbé!

Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

Ṣebí ojú yín ló ṣe, bí mo ṣe ń tọrọ ìbò láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Alibon níbí, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé, tí ẹsẹ̀ mi wú tí bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́? Ṣé nítorí oyè ni? Ṣebí nítorí èébu tó bo ògiri ilé àwọn èèyàn ni, tí àwọn ọmọ wọn ń hukọ́, tí àwọn márùn-ún tó ti jókòó pa sí kọmití ẹgbẹ́ ayálégbé látọjọ́ yìí ò rí nǹkan kan ṣe sí i! Ọdọọdún làwọn kan náà ń wọlé, torí ìhà tó bá ti lérò jù ló ń kó gbogbo àga lọ. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká máa kọ nọ́ńbà, wan fún ẹni tó wù wá jù, tú fún ẹni tó tẹ̀lé e, kí oníkálukú lè rí àga gbà bí èrò rẹ̀ bá ṣe tó. Mo ní, Olúwa o ṣé, ó kàn wá!

Mo ka èèyàn mi lórí ìka, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, ẹ̀yin lẹ sì ṣáájú wọn! Ìgbà tí Godswill akọ̀wé ka ìbò tán, ó ní mẹ́rìnlá. Mo ní kó tún un kà. Ó ní, "Mọ́mì, no vex, na fourteen e be." Mo ní ẹnì kan ti dalẹ̀ mi! Mo bá gbé ẹ̀sùn náà ka Olúkáyọ̀dé lórí, olórí akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tóun náà wà lára mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, torí pé lọ́jọ́ náà kò wò mí lójú.

Yéè! Ẹ wo ohun tí ẹ mú mi ṣe! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ kí mi tòun ti sùtánà funfun, mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ǹṣì ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìrẹsì wá, mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo? Ẹ̀yin sì jókòó tì mí, ẹ ń ṣí Bíbélì, ẹ ò lè sọ pé, "Ìbíwùmí, ó tó!"

Kí lẹ wí? Pé ẹ rò pé gbogbo ayé á fún mi ní wan, kí ẹ kúkú ran Hajarat lọ́wọ́? Àbí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja tó ń gbé fún yín nígbà tí mo bá wà níṣẹ́ ló di yín lọ́wọ́ mú kọ ọ́?

Mo mọ̀, mo mọ̀, mo wọlé. Ìbò Hajarat ju iye tó nílò lọ, wọ́n bá pín èyí tó lé fún àwọn tí olùdìbò rẹ̀ kọ tú sí, ìyẹn ló gbé mi kọjá òyìnbó alájá yẹn tóun náà ń du àga, tí mo fi gba àga karùn-ún. Ṣé kí n wá dúpẹ́ ni? Ọkọ tèmi gba ilé aládùúgbò gbé mi wọlé!

Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà. Ilé Olúkáyọ̀dé là ń lọ, ẹnu ara yín lẹ ó sì fi sọ fún un pé ẹ̀yin ni. Èmi á kúnlẹ̀ ní tèmi, torí mo jẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má sọ pé ọkọ̀ ẹrù ń dúró dè yín ní Dagenham Dock, ẹ ò níṣẹ́ lónìí.

Ẹ́n-ẹ̀n? Ta ni èmi fún ní wan?

Kí ló kàn yín... Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ó yẹ ọmọlúàbí kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ara rẹ̀ sípò kìíní? Ìyá mi ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀! Ó dáa, Hajarat ni mo fún! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Hẹ̀hẹ̀hẹ̀ẹ̀! Ọlọ́run mi ò! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi lè jẹ́ kí Olúkáyọ̀dé gbọ́ ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ó máa se oúnjẹ ara yín títí dìgbà ìbò mìíràn!